Awọ Ẹran Ìkáwọ́ Rẹ Pé Pérépéré

Sí àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń rí oorun sùn? Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ ò ní yọ̀ ọ́ o, ọ̀tá ò ní rí ọ gbé ṣe. A ti padà délé láìséwu. Adìẹ mi ti pa ọmọ mẹ́sàn-án. Bàbá rẹ ń kí ọ, àmọ́ láti ìgbà tí a ti dé, wọ́n kàn ń mirí ṣáá ni. Èmi náà, orí mi ti dàrú, ìdí tí mo fi mú gègé nìyẹn.

Ìwọ lo sọ fún wa pé ẹranko lò ń tọ́jú fún ìjọba. Inú mi dùn, kò sí ẹni tí n kò sọ fún ládùúgbò. Mo ní ọmọ mi ló ń tọ́jú erin, òun ló ń tọ́jú kìnnìún. Nígbà tí a wá kí ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí a ò bá ọ nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ télọ̀ ní ká kúkú lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ ká tó padà. Ó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbowó lọ́wọ́ wa, ó fún wa ní ìwé pélébé. Bàbá rẹ ní owó kí nìyí, ṣé àwọn wá ra ẹran ni? Mo ní ẹ sanwó jàre, ẹ jẹ́ ká rí iṣẹ́ ọmọ wa.

Yéè! Àbíkẹ́yìn mi, kí ló ṣẹlẹ̀? Erin la kọ́kọ́ rí. Bàbá rẹ sá sẹ́yìn mi. A dúró, a dúró, kò mi etí. Mo wojú rẹ̀, dígí ni. Mo yà sọ́dọ̀ kìnnìún, òun náà ò mí. Àgbọ̀nrín, ọ̀bọ, ẹyẹ lóríṣiríṣi, ẹyọ kan ṣoṣo ò mí nínú wọn. Wọ́n ti kú tán pátápátá! Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé nínú yàrá kejì, egungun nìkan ló kù lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ka ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run tó dá ènìyàn ló ti kú. Mo ní ọpẹ́ o, ìyẹn ò sí lọ́rùn ọmọ mi. Mo bi gáàdì pé níbo lo lọ, ó ní wọ́n rán ọ lọ gbé ẹja àbùùbùtán kan tó kú sétí òkun. Ìyẹn náà tún ti kú!

Mo wá àga jókòó, mo ronú, ó sì yé mi. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ pé ẹran ẹlẹ́ran tó bá kú mọ́ni lọ́wọ́, a ó bó awọ rẹ̀ tòun ti etí, a ó fi han ẹni tó ni ín, kó má bàa sọ pé a tà á tàbí a pa á jẹ. Ohun tí o ṣe nìyẹn. Awọ kan ò sọnù, o tún fi nǹkan kún inú wọn kí wọ́n lè dúró. Labalábá pàápàá, o fi abẹ́rẹ́ kàn án mọ́ pátákó, kí wọ́n má bàa ní o jẹ́ kó fò lọ. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ọmọ mi ò jalè. Àmọ́ báwo ni gbogbo wọn ṣe máa kú? Àbí o ò fún wọn lómi ni?

N ò lè kúrò níbẹ̀ láì bẹ ọ̀gá rẹ. Wọ́n ń jẹ bisikíìtì ní ọ́fíìsì wọn nígbà tí mo wọlé tí mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má lé e, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ ka awọ yín, ó pé. Bàbá rẹ ṣí fìlà, wọ́n ní àwọn náà bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá rẹ sáré fà mí dìde, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òkú ni gbogbo ẹran yẹn kí o tó débẹ̀ rárá. Ẹ gbà mí! Ta ló ń gbé òkú ẹran fún ènìyàn pé kó máa tọ́jú rẹ̀? Wọ́n tún ní iṣẹ́ rẹ dára débi pé àwọn fẹ́ gbé ọ ga lóṣù tó ń bọ̀. Mo wo bàbá rẹ, bàbá rẹ wò mí. Ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí erin kú mọ́ lọ́wọ́, ìbẹ̀rù irú wọn ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Torí náà, ewúrẹ́ mi dúdú tó lóyún ló ń bá awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí bọ̀. Tètè mú un lọ síbi iṣẹ́, so ó mọ́ ẹsẹ̀ erin, kí ọ̀gá rẹ lè rí i bí wọ́n bá ṣe ń wọlé pé nǹkan kan ṣì ń mí lọ́wọ́ rẹ. Fún un lómi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, má gbàgbé o. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, mo fẹ́ kí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mú níbẹ̀ ra oúnjẹ ewúrẹ́ ná, kí èyí tó kù máa bọ̀ kíákíá, òjò ò ní dúró dè wá.

Àmọ́ bí òun náà bá kú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má wulẹ̀ bó awọ kankan. Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí o máa bọ̀ nílé. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́ ní ohunkóhun. Èmi ò nílò awọ kí n tó gbà ọ́ gbọ́.

Ohun tí o bá dáwọ́ lé, láti òní lọ, á máa mí o.

Èmi ni,
ìyá rẹ.