Màmá Onígéèjì, Ìyàwó Tí Ó Dá Má-Dúró Dúró

Inú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gáréèjì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n bí ìyá wa sí, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1956. Bàbá wọn ń lẹ táyà, ìyá wọn ń ránṣọ. Nínú gbogbo ọmọ ilé náà, Màmá nìkan ni kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìdán an wò. Bí ìyá wọn bá ní omi ti gbóná, Màmá á ki ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n á jóná, wọ́n á sunkún, wọ́n á sì gbà pé òótọ́ ni.

Wọ́n parí ilé ìwé girama ní 1973. Ìyá wọn fẹ́ kí wọ́n kọ́ṣẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n máṣíìnì ni Màmá ń tú palẹ̀, wọn kò rán aṣọ kankan. Ìyá wọn figbe ta: "Ẹ mú ọmọ yìí lọ fún mẹkáníìkì kó tó tú èmi náà palẹ̀!" Báyìí ni Màmá ṣe di ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ní 1974. Etí ni ọ̀gá wọn fi ń mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì. Màmá ní etí a máa purọ́, ni wọ́n bá gbájú mọ́ géèjì, aago alábẹ́rẹ́ tó ń wọn agbára èéfín ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ẹ̀yin tí gírísì kò kan ọwọ́ yín rí. Èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò, tọ́bò ló ń fẹ́ atẹ́gùn padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀nà èéfín bá dí, agbára rẹ̀ á há, ọkọ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó yó bámúbámú tí wọ́n ní kó sáré. Màmá á dá ihò sára irin tí èéfín ń gbà kó tó dé tọ́bò, wọ́n á de páìpù tín-ínrín mọ́ ọn, wọ́n á lọ́ ọ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ kí ooru lè dínkù, kí wọ́n tó fa rọ́bà rẹ̀ lọ sídìí géèjì níwájú awakọ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ ló wá le jù. Eruku èéfín a máa dí páìpù náà, géèjì tí páìpù rẹ̀ bá sì dí, irọ́ ló ń pa.

Ní 1982 ni bàbá wa, awakọ̀ tí gbogbo gáréèjì ń pè ní Má-Dúró, gbé ọkọ̀ wọn wá pé kò lè gun òkè mọ́. Bàbá ti bú ẹni tó ta epo fún wọn, wọ́n ti bú òkè, wọ́n sì ti ń fura sí àwọn ará ilé wọn. Màmá de géèjì mọ́ ọkọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ fò sókè fìrì. Àṣé inú sálẹ́ńsà ló wó, tó dí ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ kan kò kọjá kí Bàbá má gbé ọkọ̀ wá fún ìtọ́jú páìpù tó mọ́ ju ife omi lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti dé ojú ọ̀nà, fìlà ni wọ́n ń fi bo géèjì náà. Wọ́n ní ó ń wo àwọn bí ìyá ìyàwó.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kọkànlá ọdún 1983. Ọkọ̀ tí ó yẹ kó gbé ìyàwó kò wá, ni gbogbo wọn bá kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Bàbá ló wà á, bàbá ọkọ jókòó sáàárín, Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú aṣọ funfun, ẹbí àti àga kún ẹ̀yìn. Bí wọ́n ti ń gun òkè, abẹ́rẹ́ géèjì já wálẹ̀ sí òdo.

"Olúwa ṣeun!" ni Bàbá wí. "Ó mọ̀ pé òní lọjọ́ ayọ̀, ó ti panu mọ́."

"Ọkọ̀ ru gbogbo ẹbí yín gun òkè, géèjì ní òun kò rí nǹkan kan?" ni Màmá wí. "Ẹ dúró."

"Tí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, màá dúró."

Bàbá ọkọ dá sí i: "Ìyàwó, sùúrù. Ìyàwó kì í tún ọkọ̀ ṣe lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Kì í sì í kú sínú odò lọ́jọ́ náà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn ló wà níwájú, afárá tóóró ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Má-Dúró dúró.

Màmá ká aṣọ sókè, wọ́n yọjú wo ẹ́ńjìnnì. Páìpù náà ti kán lọ́rùn, èéfín gbígbóná sì ń fẹ́ tààrà sára rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn lọ sídìí bíréèkì. Rọ́bà ti ń yọ́. Bàbá wo rọ́bà, wọ́n wo ìsọ̀kalẹ̀, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù funfun. Nígbà tí irin tutù díẹ̀, Màmá fi bóòtì dí ihò náà, wọ́n fi rọ́bà mìíràn láti inú àpótí irinṣẹ́ ọkọ̀ pààrọ̀ èyí tó ń yọ́. Bàbá ọkọ tó ní kí ìyàwó má ṣiṣẹ́ ló ń gbé ìdí aṣọ náà sókè kó má kan ilẹ̀, tó sì ń bi wọ́n pé, "Ìyàwó mi, ṣé kí n bá ẹ mú sípánà?"

Àlùfáà ti ń sọ̀rètí nù kí wọ́n tó dé. Nígbà tí ó bi Bàbá bóyá wọ́n gba obìnrin yìí, Bàbá dáhùn pé, "Mo gbà á tòun ti géèjì rẹ̀." Títí dòní, nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀, àmì ìka dúdú Màmá márùn-ún wà ní èjìká kóòtù ọkọ ìyàwó.

Ní 1986 ni Màmá dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀. Bàbá ní kí ẹni tó ń kọ̀wé sára ọkọ̀ fi kún orúkọ iwájú ọkọ̀ wọn, ó sì di: MÁ DÚRÓ, ÀFI TÍ ÌYÀWÓ BÁ SỌ BẸ́Ẹ̀. Màmá kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn wọn kò dùn, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ìjọ, kò sì sẹ́ni tó láyà láti lé wọn. Obìnrin tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀, ọwọ́ wọn ló ti kọ́ ọ.

Nígbà tí àárẹ̀ dé ní ọdún tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn fi rọ́bà wé wọn lápá láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ojú rẹ̀ sì yí padà. Màmá bi í pé, "Ọmọ mi, nígbà wo lẹ yẹ rọ́bà yìí wò kẹ́yìn?" Nọ́ọ̀sì ní, "Àárọ̀ yìí ni, Màmá. Rọ́bà kò ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ni." Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹni tó mọṣẹ́ rèé. Ẹ bá mi pe ọkọ mi." Bàbá wá, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Màmá sùn, tí wọn kò jí mọ́.

Wọ́n fi ọkọ sáyé lọ, wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sáyé: olùkọ́, oníṣòwò, nọ́ọ̀sì, àti àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin tó jogún sípánà. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sáyé, ọ̀kan nínú wọn ti tú rédíò wa palẹ̀.

Màmá, iṣẹ́ ti tó, ẹ fọwọ́. Kí Olúwa tẹ́ yín sí àyè ìrọ̀rùn, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn yín bàjẹ́. Ẹ sùn re o.