Mi Ò Ní Kúrò Lórí Ìkànnì Tuntun Yìí

Bọ̀dá Bashiru,

Mo kí yín, mo kí Màámá àti ìyàwó yín. Ibà mi ti lọ, mo ti ń lọ sí kíláàsì.

Ẹ ní ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ tuntun tí kì í polówó ọjà kò lè bá àwọn ńlá figagbága. Mi ò ní kúrò níbẹ̀. Lórí tiyín, ìpolówó ọṣẹ mẹ́ta ni mo wò kí n tó rí àwòrán ọmọ yín. Lórí tèmi, mo kọ ọ́ pé ara mi ò yá, Mọ́fẹ́yìsára, ọ̀kan lára àwa tó wà níbẹ̀ tí mi ò fojú rí rí, sì gbé ògì wá fún mi láti Idaw River, àdúgbò kan ní Enugu níbí.

"Àṣé ìka nìkan lo fi ń sọ̀rọ̀," ló wí nígbà tó rí i pé ojú ń tì mí.

Ọlọ́run á dá ọmọ yín sí. Ẹ wá bá wa níbẹ̀. Bí ìkànnì náà bá tiẹ̀ kógbá sílé lọ́la, ọ̀rẹ́ tí mo ní ní Enugu ò ní bá a lọ.

Àbúrò yín,
Zuliat