Nei Rotia Tebuai, 1941–2019: Ẹ̀bẹ̀ Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Kọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ ojú omi gbé lẹ́tà dé Nonouti, erékùṣù wa, pé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Suva, lókè òkun, ti gba Kinaai wọlé. Ọjọ́ Ajé ni ìyá àgbà rẹ̀, Nei Rotia, tí wọ́n ti ń retí lẹ́tà náà láti oṣù Kẹta, ti papò dà.

Ọdún 1941 ni Tebuai apẹja àti Nei Aana ìyàwó rẹ̀ bí wọn ní abúlé Taboiaki. Ní 1960, wọ́n kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Tarawa, erékùṣù olú-ìlú. Taberannang, tó ń dá ẹmu àgbọn, a máa kọrin sí wọn láràárọ̀. Ohùn rẹ̀ á máa rọ̀ látòkè igi bí òjò wẹliwẹli. Nei Rotia ní, "Sọ̀kalẹ̀, kí n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà." Àwọn méjèèjì ṣègbéyàwó ní 1964.

Nílẹ̀ wa, bí ìbátan bá fi bubuti, ẹ̀bẹ̀ àṣà wa, tọrọ nǹkan, ìtìjú ni láti kọ̀. Ìkòkò àti ẹní Nei Rotia ti yí erékùṣù yìí ká. Àmọ́ ní 1971, abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì kan ṣoṣo ló kù ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ aládùúgbò wọn Tiimi sì wà nílẹ̀, èémí rẹ̀ kò já geere. Bàbá Ioteba, àbúrò bàbá wọn, wọlé pẹ̀lú eéwo ní ìdí.

"Rotia, bubuti ni. Èmi ni kó o gún."

"Bàbá, ẹ mú kẹ̀kẹ́ mi dípò rẹ̀. Ọmọ yẹn ló ni abẹ́rẹ́ yìí."

"Ahun ni wọ́n kọ́ ọ ní Tarawa?"

"Wọ́n kọ́ mi láti mọ ẹni tó ń kú lọ, bàbá. Ẹ̀yin ṣì lágbára láti bú mi."

Oṣù mẹ́ta ni ẹbí ò fi jókòó tì wọ́n ní gbọ̀ngàn abúlé. Ọmọ náà yè. Òun ni olórí akọrin ìjọ wa lónìí. Eéwo tú fúnra rẹ̀. Bàbá Ioteba sì mú kẹ̀kẹ́ náà lọ.

Lọ́dún yìí, ẹbí ní kí Nei Rotia fi bubuti rán Kinaai lọ sí Suva. Wọ́n ní, "Rárá o. Ẹni tí kò lè kọ̀ fún mi, báwo ló ṣe máa kọ̀ fún irú Ioteba? Ẹ jẹ́ kó rò ó, kó wá sọ fún mi."

Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sáyé lọ, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti kẹ̀kẹ́ kan tí kò tíì padà wálé.

Ẹ sinmi, ìyá àgbà, kí atẹ́gùn òkun máa fẹ́ yín jẹ́jẹ́. Èmi Kinaai ni mo kọ ìtàn yìí. Mo ti rò ó. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Mò ń lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn.