Kọ́kọ́rọ́ Ọwọ́ Àǹtí Sìdí

Mọ́mì mi ọ̀wọ́n,

Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ yẹn o. Ẹ má bínú. Èyí tí ẹ fún Àǹtí Sìdí àbúrò yín nígbà tí ara yín kò yá, kí wọ́n lè máa wọlé tọ̀ yín bí mo bá wà níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ jáde láyé, kò sẹ́ni tó rántí gbà á.

Wọ́n á kàn ṣílẹ̀kùn ni. Mo lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, kí n máa sùn, màá máa gbọ́ tí wọ́n ń tún ìkòkò tò. Àwọn àgbà ní ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Mọ́mì, èmi ò ríbi jẹ tèmi.

Ti ọjọ́ Sunday kan ló wá burú jù. Àǹtí kó àwọn ìyá àsàlátù láti ibi àdúrà wọn ní Walworth wá sinmi. Mo jáde ní ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́lì láyà, àfi àwọn ìyá oníbòrí funfun ní pálọ̀, wọ́n ń mu tíì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fi ọwọ́ kan di táwẹ́lì mú. Ṣé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?

Nígbà tí àlejò lọ, mo jókòó ti Àǹtí. Àwọn nìkan ni mo ní ní ìlú òyìnbó yìí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n ní mo ti di òyìnbó. Mo ní mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa pè kí wọ́n tó wá, kí wọ́n sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní, “Tí mo bá fi ṣílẹ̀kùn, ó máa ń ṣe mí bíi pé Àǹtí mi, ìyá ẹ, ṣì wà nínú room.”

A jọ sunkún. Mo ṣì gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ara mi fúyẹ́, Mọ́mì, ó fúyẹ́ gan-an.

Lánàá, wọ́n pè, wọ́n sì wá. Mi ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà rí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn díẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ tí ẹ bá ti ọjà Rye Lane dé, tí ẹrù kún ọwọ́ yín. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo jẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀ kí n tó ṣí i.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti ń sùn dáadáa.