Ife Kejì Létí Odò

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ó pé ọdún kan lónìí tí a sin yín. Mọ́mì ò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí yín.

Èmi ni mo fẹjọ́ yín sùn. Ní Sọ́ńdè tí mo ṣọ́ yín lẹ́yìn ìsìn, mo rí yín ní aago mẹ́rin kọjá Thamesmead, ẹ jókòó níwájú ilé ọtí kan létí odò, sùtánà lọ́rùn, ife lọ́wọ́. Ojú tì mí, ni mo bá lọ sọ fún Olùṣọ́ Àgùntàn pé ẹ ń mutí. Wọ́n gba àmùrè oyè yín, ẹ sì jókòó sẹ́yìn ìjọ fún oṣù mẹ́ta. Ẹ ò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló sọ ọ́. Ní gbogbo alẹ́ Sátidé, ẹ ṣì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ sùtánà mi.

Lónìí, mo ní kí n wá ilé ọtí náà, kí n mu ìgò kan lórúkọ yín, kí n sì tọrọ àforíjì. Mo gba etí odò láti Woolwich. Ilé ọtí àkọ́kọ́ wà ní títì pa. Wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé èkejì. Kùrukùru bo omi, òórùn ilé ẹ̀gbin Crossness ń bọ̀ lókèèrè, mo sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, bí a ṣe ń rìn tí a bá wọ sùtánà. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kan. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀kẹta ni tiyín. Mo dá bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀ mọ̀. Ìyá àgbà òyìnbó kan ń gbálẹ̀ níbẹ̀.

“A ti tì. Gbogbo Sọ́ńdè la máa ń tì láti aago mẹ́ta di aago méje. Òfin ni.”

Mo ní bàbá mi máa ń mutí níbí ní aago mẹ́rin, nínú aṣọ funfun.

“Ẹni tí kì í wọ bàtà yẹn? Kò mu ọtí wa rí. Ó ní ibi tí omi bá ti ń ṣàn ló dáa láti gbàdúrà. Tíì ni mo máa ń fún un.”

Tíì, Dádì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún ìjọ? Ṣé kí wọ́n má baà pe èmi ẹlẹ́rìí èké jáde ni?

Ìyá náà gbé ife tíì méjì wá. Wọ́n fún mi ní ọ̀kan, wọ́n gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Bàbá rẹ pẹ́ díẹ̀ lónìí,” ni wọ́n wí. “Aago mẹ́rin gééré ló dé ní Sọ́ńdè tó kọjá.”

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo bọ́ bàtà mi, mo di ojú, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún yín. Nígbà tí mo ṣe àmín, tèmi ṣì ń gbóná. Ife yín ti ṣófo.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ ń lọ aṣọ fún.