Ìwé Òfìfo Tí Mo Fún Béjidé

Abúlé Fálẹ́yìmú,
Lọ́nà Ìbòkun,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1998.

Tinúolúwa ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ ń rí omi tó mọ́ mu ní Èkó? Bí o bá béèrè wa, a dúpẹ́, ìyá rẹ wà láàyè, èmi náà wà láàyè, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kì í ṣe ara ilé yìí mọ́, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ kí o tó ka lẹ́tà yìí tán. Ewúrẹ́ funfun bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Mo gbà á ládùúrà pé Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìjì ọdún yìí gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa lọ kò ní jẹ́ kí ohunkóhun gbé ọ lọ níbi tí o wà.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé rèé. O mọ ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín èmi àti Béjidé, ẹlẹ́mu tó ń gbé òdìkejì odò, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Èmi ní ilẹ̀ tó wà láàárín igi ìrókò àti odò jẹ́ ti bàbá mi, òun ní láti kékeré lòun ti ń dá ẹmu níbẹ̀, ìyá òun ló fi lé òun lọ́wọ́ kó tó kú. O sì mọ àpótí bàbá mi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí máàpù ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀, àti lẹ́tà márùn-ún, àti ìwé kan tó ní èdìdì pupa tó tóbi tó ìdérí agolo mílíìkì. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni mí nígbà tí bàbá mi kú, Bíbélì Yorùbá nìkan ni mo lè kà. N kò jẹ́ kí àjèjì kà á fún mi, torí ẹni tó bá ka ìwé ilẹ̀ rẹ lónìí lè sọ pé òun ló ni ín lọ́la. Ìwọ tí mo rán ní yunifásítì ni mo ń dúró dè, o sì ti ṣèlérí ní Kérésì mẹ́rin pé tó bá di ọ̀la wàá kà á, kí ọ̀la tó mọ́ o ti wọ mọ́tò.

Ní oṣù kẹjọ, àwọn kan ti Òṣogbo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní ọ́fíìsì àwọn wà ní Òkè-Fìà, iṣẹ́ àwọn ni kí àwọn máa gba máàpù àtijọ́, lẹ́tà àtijọ́ àti ìwé àṣẹ àtijọ́, kí àwọn máa kó wọn sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n má baà run. Raliat ni orúkọ ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn, ó fi ìbòrí bo orí, ó sì kúnlẹ̀ kí mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì láìwo ti pé Mùsùlùmí lòun. Ó ní bí ìwé bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, òjò ò lè pa á, ikán ò lè jẹ ẹ́. Bó ṣe dárúkọ ikán báyìí, mo dìde lọ gbé àpótí wá, torí ikán ti jẹ etí kan lára máàpù náà, ó sì ti ń bà mí lẹ́rù pé bóyá ó ti jẹ tó éékà kan lọ nínú ilẹ̀ wa.

Tinú, ojú mi ló ṣe. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n dojú ìwé bolẹ̀ lórí gíláàsì, wọ́n pa ìdérí dé, ìmọ́lẹ̀ kan sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń kùn bí oyin, kí n tó ṣẹ́jú ilẹ̀ bàbá mi ti jáde sójú tẹlifísọ̀n kékeré kan, tòun ti odò, tòun ti ìrókò. Raliat wá kó ìwé mi fún mi padà, ó ní Bàbá, gbogbo rẹ̀ ti wà níbí báyìí, bí tọwọ́ yín bá tilẹ̀ jóná, kò sóhun tó máa sọnù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ìrèké tí a ti fa omi rẹ̀ mu tán kò tún lè dùn mọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ti kọjá sínú ẹ̀rọ, òfìfo ni wọ́n dá padà fún mi, mo tilẹ̀ gbé e wò lọ́wọ́, ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìwé elédìdì pupa ńkọ́? Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé àwòrán dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú rẹ̀. Raliat wò ó, ó ní rárá, ẹ̀rọ tó ń pa ẹkùrọ́ ni, bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà ló ronú rẹ̀, ìjọba òyìnbó sì fún un ní ìwé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo wọ agbádá, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹkùrọ́ ní Ìbòkun, mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, wọn ò pa á, mo lọ dúró síwájú rẹ̀, ẹkùrọ́ kan sì ta bà mí níwájú orí. Ìgbà tí mo ròyìn fún Raliat, tí wọn ò tíì kúrò lábúlé wa, ló tó sọ fún mi pé àṣẹ náà ti kú láti ọdún 1954. Mo bi í pé ta ni wọ́n túfọ̀ rẹ̀ fún nínú ẹbí.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Béjidé gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ́sàn-án gangan, ó gbé kèrègbè ẹmu kan dání, ó ní òun gbọ́ pé máàpù kan wà, òun kàn fẹ́ fi ojú òun rí i kí a tó dé kóòtù. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá lé e jáde. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan sọ sí mi. Mo mú máàpù náà jáde, àti lẹ́tà kan tó ti wà ní kíká sínú rẹ̀ láti ìgbà ayé bàbá mi, mo ní kó kúkú máa mú un lọ sílé, kó fi ṣe ìrọ̀rí. Ìyá rẹ gbọ́ láti ìdí ààrò, ó káwọ́ lérí, ó ní ṣé orí mi pé báyìí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, eèpo ni mo gbé fún un, ẹ̀pà wà ní Òkè-Fìà. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ọbẹ̀ ló ń rán sí mi, kò sì sí iyọ̀ nínú rẹ̀.

Kóòtù dá ọjọ́, akọ̀wé wọn ní kí kálukú mú ẹ̀rí dání. Mo gbéra ó di Òṣogbo, ọ̀kadà gbé mi dé Òkè-Fìà, mo sọ fún Raliat pé mo wá gba ìwé mi, èyí tó wà láàyè. Ó ní NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì ti bàjẹ́. Ṣé o rántí pé wọ́n máa ń kì wá pé Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé la ti ń múná lọ sóko? Mo ti gbé àtùpà dání láti ilé ní tèmi. Mo tàn án, mo gbé e síwájú kọ̀ǹpútà, mo ní kí wọ́n ṣì máa fi ṣe é ná. Ọ̀kan nínú wọn sáré jáde, mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ títí dé ìdí géètì.

Inú wá bí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ta aṣọ àwìn dé Ọ̀fà, dé Bídà, kò sì sẹ́ni tó lè gbé aṣọ rẹ̀ mì, torí bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà èèyàn, òṣó ni yóò ló níbẹ̀, kò ní dìde títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Mo ká agbádá sókè, mo lóṣòó síwájú kọ̀ǹpútà náà, mo tẹjú mọ́ ọn, mo ní òṣó ni màá ló gba ìwé mi. Raliat gbé àga wá, ó ń bẹ̀ mí, mo kọ̀, torí òṣómàáló tó bá ti gbà láti jókòó ti dárí jini nìyẹn. Láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin ku díẹ̀, ibẹ̀ ni orúnkún mi ti bá a lọ. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà ṣíjú. Wọ́n ní NEPA ló mú iná dé, ṣùgbọ́n èmi mọ ẹni tí ẹ̀rù bà.

Ìwé náà jáde, ó gbóná bíi búrẹ́dì. Máàpù bàbá mi fẹ̀ tó ẹní, èyí kò ju ojú ewé ìwé orin lọ. Ilẹ̀ wa ti súnkì. Mo bẹ Raliat pé kó bá mi nà án, ó tẹ nǹkan kan, ó wá jáde sórí ìwé mẹ́rin, ó ní kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nígbà tí mo lẹ̀ wọ́n tán nílé, ìrókò bọ́ sí ibi tí wọ́n ti pàdé, kò hàn dáadáa mọ́. Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, Raliat ní lẹ́tà inú máàpù náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣé kóun tẹ òun náà jáde fún mi. Mo ní kó fi sílẹ̀, ilẹ̀ ni mo wá gbà, n kò wá gba ọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá la dé kóòtù. Adájọ́ yẹ ìwé mi wò, ó ní ẹ̀dà lèyí, máàpù gan-an dà? Mo fi ìgboyà dáhùn pé máàpù gan-an ló ń wò yẹn, òfìfo rẹ̀ wà lọ́wọ́ Béjidé, èmi ni mo fún un. Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé Béjidé ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Òun náà rò bẹ́ẹ̀, torí ńṣe ló fò dìde, ó ní Olúwa mi, gbogbo abúlé ló mọ̀ pé Fálẹ́yìmú ti kó agbára ìwé yìí lọ sí Òṣogbo kó tó gbé e fún òun, kí ó lè sọ òun di ẹlẹ́yà. Ó ní òun mú un wá kí adájọ́ fọwọ́ kàn án, kó rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sì ti kú, ilẹ̀ kí ló ní? Ó tẹ́ máàpù náà síwájú adájọ́ fúnra rẹ̀.

Adájọ́ fi awò sójú, ó wò ó títí, ó ní láti ìrókò dé odò, ti Fálẹ́yìmú ni. Mo ti ń sọ nínú ara mi pé adájọ́ yìí kò kàwé tó bí wọ́n ṣe ń wí, ó wo òfìfo, ó rí ilẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá Ọlọ́run jiyàn? Mo fẹ́ dìde dúpẹ́ ni ó ní kí n jókòó, òun ò tíì ka lẹ́tà inú rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ kà á lóyìnbó, ó wá túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mi ló ní kí akọ̀wé kan bá òun kọ ọ́ sí ọ̀gá tó wọn ilẹ̀, ní ọdún 1936. Ó ní ilẹ̀ ìrókò dé odò, ti òun ni, ṣùgbọ́n òun ti fi fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Àpìkẹ́, tí igi wó pa ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà Ìbòkun, kí obìnrin náà àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ máa jẹ níbẹ̀, àti ọmọ ọmọ rẹ̀, títí ọ̀pẹ ibẹ̀ yóò fi tán. Ó ní kí ọ̀gá náà jọ̀wọ́ bá òun tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ máàpù, nítorí òun ò tíì bímọ, òun ò sì mọ irú ọmọ tí òun máa bí.

Tinú, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi. Àpìkẹ́ ni ìyá Béjidé. Ojú tì mí débi pé mo ń wá fìlà mi kiri abẹ́ bẹ́ǹṣì, orí mi ló wà. Adájọ́ ní èmi ni mo ni ilẹ̀, Béjidé ló ni jíjẹ rẹ̀, kí a máa lọ sílé.

Ẹsẹ̀ la jọ fi rìn wálé. N kò lè yára nítorí orúnkún, Bàbá Béjidé, torí ó tó kí n máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ báyìí, ò sì fi mí sílẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé ìdí ìrókò, wọ́n ní nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ bi mí, níbo gan-an nínú lẹ́tà náà ni orúkọ ìyá wọn wà, torí wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Mo ṣí lẹ́tà tí adájọ́ dá padà fún mi, a jọ dorí kodò, àgbàlagbà méjì, a ń fi ìka wá Àpìkẹ́ láàárín òyìnbó. Nígbà tí a rí i, wọn ò gbé ìka kúrò lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ní kí wọ́n máa mú lẹ́tà náà lọ, ti wọn ni. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, ìyá rẹ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni lẹ́tà yẹn fi wà nínú àpótí, kò sẹ́ni tó kà á. Wọ́n gbé e wọ kọ̀ǹpútà, ikán ò jẹ ẹ́ lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó kà á níbẹ̀ náà. Ẹni tí mo ń pè lọ́tàá ló gbé e dé iwájú ẹni tó kà á. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ọmọ Àpìkẹ́ jà lórí ohun tí bàbá mi ti parí kí wọ́n tó bí mi.

Ní ti owó, bá mi fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà rán awakọ̀ tó ń ná Iléṣà, kí n fi ra òróró orúnkún, kí n fi ra àpótí onírin tí ikán ò lè wọ̀, kí n sì gbé nǹkan lọ fún Bàbá Béjidé, ẹmu wọn tí mo mu lọ́jọ́ yẹn kò jẹ́ kí n lè wo ojú wọn. Bí o bá sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ, wò ó dáadáa, o lè rí máàpù wa níbẹ̀, ṣé omi abẹ́ ilẹ̀ kan náà kọ́ ni gbogbo kànga ń fà? Bí o bá rí i, má fi ọwọ́ tẹ ibi tí ikán ti jẹ.

Lẹ́tà mẹ́rin ló kù nínú àpótí. Wọ́n wà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ka nǹkan sí àgbàlagbà létí. Yọ owó mọ́tò rẹ nínú èyí tí mo béèrè, bí kò bá sì tó, fi ti orúnkún sílẹ̀. Wálé ní Kérésì yìí, kí o jókòó tì mí, kí o kà wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí o bá dé, má dúró de ọ̀la. Mo fẹ́ mọ àwọn mìíràn tí mo ń bá jà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú rẹ ṣú, kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ̀, yóò sì jẹ́ kí ọmọ tí ìwọ náà bí ka lẹ́tà rẹ nígbà tí o ṣì wà láyé láti gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Amos Fálẹ́yìmú.