Ọpẹ́ Lórí Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Igi Nínú Ògiri

Lorene, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Philadelphia? Ọkọ rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín yọ̀ lórí àtẹ̀gùn gíga ilé yín ọ̀hún. Ara tèmi le, àfi orúnkún.

Mo ti gba ẹ̀rọ kékeré tí o fi ránṣẹ́, èyí tó máa ń ké pìì bí igi bá wà lẹ́yìn ògiri. Harlan aládùúgbò wa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tó fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ rélùwéè tún ń fi rélùwéè ọmọdé ṣeré, mo ní kó lọ fún ewúrẹ́ rẹ̀ lóúnjẹ. Pẹpẹ tí mò ń kàn mọ́ ògiri yàrá rẹ àtijọ́, tí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré mi yóò máa gbà yí yàrá po, ti dé ògiri kẹta. O mọ̀ pé inú ògiri wa ṣófo, òpó igi nìkan ló wà níbẹ̀, ìǹṣì mẹ́rìndínlógún síra wọn, bí ìṣó ò bá sì bá òpó, pẹpẹ á já lulẹ̀ tòun tọkọ̀.

Ògiri méjì àkọ́kọ́, ibi tó yẹ ni ẹ̀rọ ti ké. Ní ti ògiri kẹta, èyí tó pààlà pẹ̀lú yàrá tí ìyá rẹ kú sí, ó ké níbi tí mo fìka kàn tó dún bí igbá òfìfo. Mo fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀, kò ké mọ́, iwájú díẹ̀ ló ti ń ké. Mo tẹ̀ lé e. Òun náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, títí ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ìyá rẹ ti máa ń wò mí bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mo ní ìyá rẹ nìyí, àṣé ìdí tí o fi rà á nìyẹn, o ò sì sọ fún mi! Ọmọ gidi ni ọ́. Mo sunkún, mi ò ní purọ́.

Òun ló jẹ́ kí n pè ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo gbé fóònù ti ògiri kí ẹ lè kí ara yín. O ní kí n yé mí gúlegúle sí ọ létí. Ọmọ mi, ilé ìdáná ni mo wà nígbà yẹn, mò ń po kọfí.

Mo tún gba fọ́ọ̀mù títa ilé tí o ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ẹni mélòó ló ń gbé ibẹ̀, mo kọ méjì. Wọ́n ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, mo bá lọ bi ìyá rẹ bóyá ó fẹ́ ká kó wá sọ́dọ̀ rẹ. Kọnkéré gidi ni ògiri tìrẹ, ibo ni yóò dúró sí? Ẹ̀rọ náà figbe ta, kò dákẹ́ títí bátìrì fi kú. Mo kọ rárá, mo sì dá ìwé wọn padà. Má bínú. Mo mọ̀ pé wàá ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gorí igi kò lè rí i.

Jọ̀ọ́, fi ogójì dọ́là ránṣẹ́ fún bátìrì àti irin tí yóò gbé pẹpẹ dúró. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ni mo fò, ọwọ́ mi ò gbà á láti lu ihò síbẹ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ilé rẹ ò ní dá páropáro.

Èmi ni bàbá rẹ,
Emlyn.

Ìyá rẹ náà ń kí ọ.